HSP70 ènìyàn fún iṣẹ́ láàbù: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá tẹ "recombinant human HSP70" (purotéènì HSP70 ti ènìyàn tí wọ́n fi jíìnì rẹ̀ ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì láàbù) sórí Google, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ dàrú. Igò 50 µg wà, ti 100 µg wà, ti 1 mg náà wà. Inú bakitéríà ni wọ́n ti ṣe òmíràn, inú sẹ́ẹ̀lì kòkòrò ni wọ́n ti ṣe òmíràn, àwọn kan sì wá láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Owó wọn kò jọra rárá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ọjà àwọn mọ́ ju 90% tàbí 95% lọ. Lójú tèmi, nọ́ńbà ìmọ́ yẹn ló wúlò kéré jù lójú ewé náà. Igò tó dáa fún ẹni tó ń wá oògùn lè ba iṣẹ́ ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn jẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìmọ́ àwọn méjèèjì lè jẹ́ 95%. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni kí ẹ fi yàn án.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

HSP70 wà lára àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu nígbà tí ìnira bá dé bá a: ooru tó pọ̀ jù, àìtó ọ́síjìn, májèlé irin bíi cadmium. Ferruccio Ritossa, onímọ̀ ará Ítálì, ló kọ́kọ́ tẹ ìròyìn ìṣesí yìí jáde ní 1962, lẹ́yìn tó rí i pé ooru mú kí àwọn ibì kan wú lára krómósóòmù eṣinṣin Drosophila. Ó di 1974 kí Alfred Tissières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi àwọn purotéènì náà fúnra wọn hàn.

Purotéènì tí kò tíì ká bó ṣe yẹ, tàbí tí ooru ti tú, máa ń yọ apá rẹ̀ tó kórìíra omi síta. Ibẹ̀ ni HSP70 máa ń dì mú kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tí ATP, èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì, bá wà lára HSP70, ìdìmú rẹ̀ kì í le: ó ń gbà wọlé, ó sì ń tú sílẹ̀ kíákíá. Tó bá ti gé ATP náà di ADP, ó dì mú gírígírí. Apá iwájú rẹ̀, tó wúwo tó nǹkan bí 44 kDa (òṣùwọ̀n ìwúwo purotéènì), ló ń gba ATP. Apá ẹ̀yìn ló ń di purotéènì mìíràn mú. Gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá ohun tí ẹ rà ṣì ń ṣiṣẹ́ dá lórí àjọṣe apá méjèèjì yìí.

Èwo nínú mọ̀lẹ́bí wọn?

Àwọn olùtajà a máa kọ "HSP70" lé orí purotéènì tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Mẹ́rin tí ẹ máa bá pàdé jù nìyí:

| Jíìnì | Orúkọ tí wọ́n ń pè é | Gígùn (amínò ásíìdì) | Ibi tó ń gbé | Ìgbà tó ń pọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| HSPA1A | HSP70, HSP72 | 641 | sáítósóòlù, núkílíọ́ọ̀sì | nígbà ìnira |
| HSPA8 | HSC70 | 646 | sáítósóòlù, núkílíọ́ọ̀sì | nígbà gbogbo |
| HSPA5 | BiP, GRP78 | 654 | inú ER (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí purotéènì ti ń ká) | nígbà tí purotéènì tí kò ká bá kún ER |
| HSPA9 | mortalin | 679 | maitokọ́ńdríà | nígbà gbogbo |

Tí ẹ bá ń ṣe ìwádìí ìnira, HSPA1A lẹ ń wá. HSPA1B jẹ́ jíìnì mìíràn, àmọ́ amínò ásíìdì méjì péré ni purotéènì rẹ̀ fi yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Àkọọ́lẹ̀ UniProt, tó ń kó ìsọfúnni purotéènì jọ, ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: P0DMV8 ni HSPA1A, P0DMV9 ni HSPA1B. Nọ́ńbà àtijọ́ tó kó wọn pọ̀ ni P08107, ó ṣì wà lójú ewé ọ̀pọ̀ olùtajà tí kò tún ìwé wọn ṣe. Ìyẹn kò sọ ọjà náà di èké.

HSPA8 ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó jọ HSPA1A ju 80% lọ, débi tí àwọn àńtíbọ́dì kan fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀ bíi pé ọ̀kan ni wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ lo purotéènì náà bí òṣùwọ̀n fún ELISA (àyẹ̀wò tó ń fi àńtíbọ́dì wọn iye purotéènì), ẹ rí i pé èyí tí ẹ rà ni àńtíbọ́dì yín ń wá. Ẹ tún wo ibi tí jíìnì náà ti wá, torí HSC70 tí wọ́n yọ láti inú ọpọlọ màlúù wà lọ́jà, HSP70 ti kòkòrò àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, ti bakitéríà E. coli náà wà. Gbogbo wọn ni ẹ̀rọ ìwákiri máa kó síwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún HSPA5 àti HSPA9, ẹ bèèrè ibi tí purotéènì inú igò ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa ń gé amínò ásíìdì 18 kúrò níwájú BiP, ó sì máa ń gé 46 kúrò níwájú mortalin lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ilé wọn. Èyí tí wọ́n ṣe láìgé e kò jọ èyí tó wà nínú ara.

Bakitéríà, kòkòrò, àbí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ti sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dára jù fún purotéènì ènìyàn. Fún purotéènì tó ń jáde síta sẹ́ẹ̀lì, tí ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ lára, òótọ́ ni. Àmọ́ sáítósóòlù ni HSPA1A ti ń ṣiṣẹ́, kò nílò ṣúgà yẹn kó tó ká. E. coli ń ṣe é dáadáa, lọ́pọ̀, ní owó pọ́ọ́kú. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti inú túúbù, ATP, kíká purotéènì tàbí wíwá kẹ́míkà tó ń dí i lọ́wọ́, kò sí ìdí tí ẹ fi máa san owó HEK293, irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ ní láàbù.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtajà HEK293 kì í sábà sọ. Sẹ́ẹ̀lì HEK293 kún fún HSC70 tirẹ̀, ó sì ní HSP70 pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n bá yọ níbẹ̀ lè gbé díẹ̀ nínú wọn dání, pẹ̀lú àwọn purotéènì ènìyàn mìíràn tó fẹ́ràn láti máa bá HSP70 rìn. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò Sf9 náà ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n fi borí E. coli ni pé kò sí LPS (endotoxin, èròjà ara bakitéríà tó ń ru sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn sókè) nínú wọn láti ìpìlẹ̀, àti pé purotéènì náà lè gba fọ́sífétì àti ásẹ́tíìlì tí bakitéríà kò ní fún un. Bí àwọn àfikún yẹn kò bá sí lára ìbéèrè yín, owó yín dára síbòmíràn.

Endotoxin: ibi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ṣubú

Ní 2000, Asea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nature Medicine. Wọ́n ní HSP70 tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì máa ń mú kí mónósáìtì ènìyàn (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan) tú TNF-α, IL-1β àti IL-6, àwọn purotéènì tó ń pe ara sí ogun, jáde, àti pé CD14, purotéènì kan lójú sẹ́ẹ̀lì, wà lára ọ̀nà tó ń gbà. Ìròyìn ńlá ni, torí ó túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lè fi HSP70 ké gbàjarè sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé LPS, ìdọ̀tí ara E. coli, ń gba CD14 kan náà, ó sì ń mú TNF-α kan náà jáde.

Ní 2002, Bausinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé HSP70 tí kò ní endotoxin kò ru sẹ́ẹ̀lì sókè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Gao àti Tsan gbé tiwọn jáde nínú Journal of Biological Chemistry: nígbà tí LPS inú HSP70 ènìyàn tí wọ́n fi bakitéríà ṣe bá kéré, makirofééjì eku kò tú TNF-α jáde mọ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí pátápátá. Ohun tó dájú ni pé kò sí olùṣàyẹ̀wò tó máa gba irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín lónìí láìbèèrè iye endotoxin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 1 EU, òṣùwọ̀n endotoxin, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.1 ng LPS. Ọjà tó kọ "ó kéré sí 1 EU/µg", tó dà bí ohun tó mọ́, bí ẹ bá lò ó ní 10 µg/ml, ó lè gbé EU 10 sínú mílílítà kan, ìyẹn 1 ng/ml LPS. Mónósáìtì ènìyàn kì í dúró de èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó fèsì. Tó bá jẹ́ 0.01 EU/µg, LPS náà á wá sílẹ̀ sí 10 pg/ml. Fún iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, èmi kò ní ra ohunkóhun tó bá ju 0.01 lọ, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bí ojú ewé ọjà kò bá sọ nǹkankan rárá nípa endotoxin, ẹ gbà pé ó pọ̀.

Àwọn kan gbà pé àwọn lè fi polymyxin B pa agbára LPS, tàbí kí wọ́n se purotéènì náà: bí ìṣesí bá parẹ́ lẹ́yìn sísè, purotéènì ló fà á, nítorí LPS kì í bẹ̀rù iná. Gao àti Tsan fi hàn pé LPS tó kéré lè bàjẹ́ nínú sísè bákan náà, nítorí náà àyẹ̀wò méjèèjì kò tó láti dá gbé ẹjọ́ yín. Àyẹ̀wò LAL, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹranko òkun Limulus ṣe, náà kò rí gbogbo ìdọ̀tí: kò rí flagellin tó ń gba TLR5, kò rí lipoprotein tó ń gba TLR2 (àwọn TLR ni purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ìdọ̀tí bakitéríà; TLR4 ni ti LPS). Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì eku C3H/HeJ, tí TLR4 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ṣe control (ohun ìfiwéra). Bí àyè bá wà, ẹ tún wá èyí tí wọ́n ṣe nínú ClearColi, irú E. coli tí wọ́n ti yí LPS rẹ̀ padà kó má baà ru TLR4 ènìyàn sókè.

Tí ATP nìkan lẹ ń wọ̀n, ẹ gbàgbé gbogbo èyí. Endotoxin kò ní dí yín lọ́wọ́, ẹ má sanwó fún mímú un kúrò.

DnaK, èyí tí gel kò lè fi hàn yín

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má gbára lé 95%. E. coli ní HSP70 tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni DnaK: amínò ásíìdì 638, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó HSPA1A. Nígbà tí wọ́n bá fipá mú bakitéríà ṣe purotéènì àjèjì, DnaK rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Lórí SDS-PAGE, gel tó ń to purotéènì bí ìwúwo wọn ṣe tó, àwọn méjèèjì á dúró síbì kan náà bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, gel á sì kà wọ́n sí ẹyọ ìlà kan tó mọ́ dáadáa.

Ó burú jù lọ́dọ̀ àwọn tó fi ATP-agarose (ìlẹ̀kẹ̀ tí ATP wà lára rẹ̀) fọ purotéènì tí kò ní tag, ìyẹn àmì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ purotéènì kí wọ́n lè fi dì í mú. DnaK náà ń di ATP mú. Ohun tó mú HSPA1A á mú DnaK. Lẹ́yìn náà, ATP tí ẹ bá rí pé ó ń gé, ta ló ń gé e? Àwọn tó fọ tiwọn dáadáa máa ń lo níkẹ́lì láti mú His-tag, wọ́n á sì fi ATP àti Mg ṣan án kí DnaK tó rọ̀ mọ́ purotéènì náà lè jábọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá wọ́n ti fi mass spectrometry wò ó, tàbí bóyá wọ́n ti fi àńtíbọ́dì DnaK ṣe western blot. Ọ̀pọ̀ kò ní ìdáhùn. Àwọn tó bá dáhùn ni kí ẹ rà lọ́wọ́ wọn.

Tag: iwájú ni, ẹ má gbà á ní ẹ̀yìn

His-tag, histidine mẹ́fà, kéré, kì í sì í dà iṣẹ́ ATP rú. Ibi tí wọ́n fi sí ló ṣe pàtàkì. Amínò ásíìdì mẹ́rin tó kẹ́yìn HSPA1A ni EEVD, ibẹ̀ ni HOP àti CHIP, àwọn purotéènì alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ti ń di HSP70 mú. Tí wọ́n bá fi tag lé e lẹ́yìn, EEVD kì í ṣe ìparí mọ́, àjọṣe wọn sì lè bàjẹ́. Ẹni tó ń wo bí HSP70 ṣe ń gbé purotéènì lé HSP90 lọ́wọ́, tàbí bí CHIP ṣe ń fi ubiquitin (àmì pé kí sẹ́ẹ̀lì run purotéènì) sí i, kò gbọ́dọ̀ ra tag ẹ̀yìn. Iwájú ni kó wà, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ẹ́ńsáìmù TEV gé.

GST, tag mìíràn, wúwo tó nǹkan bí 26 kDa, ó sì máa ń so méjì-méjì. Fún mímú purotéènì mìíràn jáde nínú omi sẹ́ẹ̀lì ó wúlò, fún ohun mìíràn n kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́" wọn, kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

HSP70 lọ́ra púpọ̀ tó bá dá wà. Ẹyọ kan kì í gé tó ATP kan láàárín ìṣẹ́jú kan. HSP40, purotéènì olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bíi DNAJB1, ló ń mú kó yá. Nítorí náà bí olùtajà bá ń yangàn pé tiwọn ń gé ATP kíákíá láìsí HSP40, ìyẹn kọ́ ni ìròyìn ayọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn ló wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ ATP. Ẹ̀rí tó dára jù ni kíká luciferase tanátaná, ẹ́ńsáìmù tó ń tan ìmọ́lẹ̀, padà: ooru tàbí kẹ́míkà tú u, HSP70 àti HSP40 pẹ̀lú ATP tún un ká, ìmọ́lẹ̀ sì padà. Láìsí ATP, ìmọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà. Fún àyẹ̀wò ìdènà, VER-155008, tó ń bá ATP du ibì kan náà, ni ẹ lè fi ṣe control.

Ẹni tó fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n western blot tàbí ELISA lásán kò nílò èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tó ti tú náà á ṣe é.

Omi tàbí ìyẹ̀fun

Èyí tó jẹ́ omi máa ń wá nínú dry ice, tó ń yọ́ di afẹ́fẹ́ ní -78.5°C, ó sì máa ń ní glycerol. Ìyẹ̀fun lè rin ìrìn àjò láìsí yìnyín. Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tí àpótí rẹ̀ lè dúró lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó títí yìnyín fi tán, tí iná sì lè lọ lórí fírísà -80, ìyẹ̀fun fani mọ́ra. Mo gbà á níyànjú fún òṣùwọ̀n. Fún ATP, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́fà tí wọ́n fi gbẹ ẹ: tó bá jẹ́ PBS, fọ́sífétì inú rẹ̀ á ba àyẹ̀wò malachite green jẹ́ pátápátá, torí fọ́sífétì gan-an ni àyẹ̀wò náà ń kà. Tris tàbí HEPES ni kí ẹ wá. Kí ẹ tún rí i pé kò sí BSA, purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù, tí wọ́n fi kún un. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ pín in sínú igò kéékèèké lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ má máa yọ́ ọ kí ẹ tún dì í.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Fún wíwá kẹ́míkà tó ń dí HSP70 lọ́wọ́: HSPA1A ti E. coli, His-tag iwájú, Tris, tí wọ́n ti fi luciferase dán wò. Endotoxin kò kàn yín. Bí ó bá jẹ́ PfHsp70-1 ti kòkòrò ibà ni ẹ ń lé, HSPA8 ni màá fi ṣe control ènìyàn ṣáájú HSPA1A, torí òun ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara tó dá ṣáṣá lójoojúmọ́, òun ni oògùn yín kò gbọ́dọ̀ pa lára.

Fún sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn: ClearColi tàbí HEK293, 0.01 EU/µg sísàlẹ̀, láìsí azide (kẹ́míkà ìpamọ́ tó ń pa sẹ́ẹ̀lì lára). Ibí yìí nìkan ni mo ti gbà pé owó gọbọi tọ́.

Fún HOP, CHIP àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn: ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, EEVD pátá.

Ẹ ṣírò iye tí ẹ nílò kí ẹ tó yan igò. 1 µM HSP70 jẹ́ 70 µg nínú mílílítà kan. Ihò kan nínú àwo àyẹ̀wò, tó gba 100 µl, á jẹ 7 µg. Igò 50 µg tí ẹ fi owó gidi rà kò ní ju ihò méje lọ, ìyẹn tí ẹ bá ń ṣe é ní mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́míkà méjì pẹ̀lú control kò tilẹ̀ ní pé. Láàbù tó ń yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ́míkà wò kò gbọ́dọ̀ ra igò rárá. Kí wọ́n gba plasmid (òrùka DNA kékeré) tó ní jíìnì HSPA1A láti ilé ìpamọ́ bíi Addgene, kí wọ́n ṣe é fúnra wọn nínú E. coli. Ó gba iṣẹ́ ọwọ́ àti níkẹ́lì, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, kó béèrè ìwé ẹ̀rí lot (ìpín ọjà) tó máa gbà gan-an. Èyí tó wà lójú ewé ọjà lè jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, endotoxin lot kan sì lè yàtọ̀ sí ti òmíràn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè fi ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ wá olùtajà mìíràn.